Àálè Tí Mo So Mọ́ Èèkàn Òyìnbó

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka abala yìí, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi nísàlẹ̀, torí n ò ní í kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí. N ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, n ò sọ ọ́ fún ààfáà mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹni tí mo ṣẹ̀ wà lórí àìsàn, kò sì jọ pé yóò dìde níbẹ̀. Ó ti bẹ̀ mí ní iṣẹ́ kan. N ò mọ bí n ó ṣe jẹ́ iṣẹ́ náà.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún mi ná. N ò sọ pé mo jàre. Ṣùgbọ́n n ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ní kí n lọ ba ayé ẹni ẹlẹ́ni jẹ́.

Ìyá mi ń ta dòdò l'Ìkirè, létí títì, níbi tí àwọn lọ́rì tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn ti máa ń dúró. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gba ọ̀nà wa kọjá rí mọ dòdò yẹn, èyí tí a ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ ṣe, tí ata rẹ̀ máa ń ta ní ọ̀fun. Ti ìyá mi ni àwọn awakọ̀ máa ń béèrè. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Epo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni obìnrin yẹn fi tọ́ mi dàgbà.

Àgbẹ̀ kan wà ládùúgbò wa tí n ó máa pè ní Bàbá Ràímì. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ìkirè ni ilé rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà Àpòmù ni oko rẹ̀ wà, oko kòkó tí òun àti àbúrò rẹ̀ jogún lọ́wọ́ bàbá wọn. Àbúrò náà ni n ó pè ní Múfútáù. Àpòmù ni òun ń gbé ní tiẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ìyá mi fún ọmọbìnrin kékeré tí Bàbá Ràímì bí ní dòdò díẹ̀ jẹ, bí ó ṣe máa ń fún gbogbo ọmọ àdúgbò. Kò pẹ́ sí i tí ara ọmọ náà gbóná. Kò pẹ́ sí i tó kú. Ọmọ dáadáa ni, ó máa ń kí èèyàn. Ikú rẹ̀ dun gbogbo wa.

Ìgbà tí wọ́n sin ín tán ni Bàbá Ràímì wá síwájú àtẹ ìyá mi, níṣojú àwọn awakọ̀ àti àwọn obìnrin tó ń ta ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Àjẹ́ ni ẹ́. Inú dòdò lo gbé e sí fún ọmọ mi." Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ìwọ ló pè é, obìnrin tó dàgbà jù ú lọ. Ìyá mi dìde. Ó tún jókòó.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò ra dòdò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ṣì ń dín in. Ó ṣì ń gbé e jáde. Yóò jókòó ti àtẹ rẹ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, àwọn èèyàn yóò máa rìn gba ẹ̀gbẹ́ kejì títì kọjá. Èmi àti òun la máa ń jẹ èyí tó bá kù, gbogbo rẹ̀ ló sì máa ń kù. Nígbà tó yá, kò jáde mọ́. Nígbà tó tún yá, kò dìde lórí ẹní mọ́. Ààfáà ní òun kò rí àìsàn kan pàtó lára rẹ̀. Èmi mọ àìsàn tó ń ṣe é.

Ìwọ̀nba èèyàn ló bá wa kírun sí i lára. Mo mọ gbogbo wọn lójú, torí wọn ò pọ̀. Nígbà tí a gbé e kọjá níwájú ilé Bàbá Ràímì, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ta ayò lọ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó rí wa, ó sì dá ojú rẹ̀ padà sórí ọpọ́n. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀ ní ibojì ìyá mi. Ọlọ́run mọ ohun tí mo sọ nínú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, kí n sọ nípa iṣẹ́ mi.

Láàárín Ìkirè àti Àpòmù, àwọn òyìnbó agégẹdú kan ní pápá tí wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù. Àwa kì í pè é bẹ́ẹ̀. Oko bọ́ọ̀lù là ń pè é, torí a rò pé bí èèyàn bá lè gba ilẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tó ṣán an, tó ro ó, tí kò gbin nǹkan kan síbẹ̀, a jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ló fẹ́ kó hù. Mo gba iṣẹ́ lébìrà níbẹ̀ lẹ́yìn ikú ìyá mi. A ń gé koríko, a ń pa ọ̀gán, a ń di kòtò tí òjò bá gbẹ́ sílẹ̀. Ní ojú ihò tí bọ́ọ̀lù ń wọ̀, koríko dáadáa kì í hù lórí ilẹ̀ wa nígbà náà, nítorí náà iyanrìn ni wọ́n ń dà síbẹ̀, wọ́n á da ọ́ìlì dúdú tí wọ́n yọ nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò lé e lórí kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Bí òyìnbó bá ti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ tán, lébìrà á fi ọ̀pá tí wọ́n kan pákó mọ́ nídìí fa iyanrìn náà, yóò tún tẹ́ bí ẹní. Ìdí ihò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ri ọ̀pá tó ní aṣọ pupa lórí mọ́. Ẹ fi aṣọ pupa yẹn sọ́kàn.

Kí òmìnira tó dé, àwọn òyìnbó náà ní pápá yìí ti kéré jù, àwọn fẹ́ tún un ṣe, kí ihò rẹ̀ pọ̀ sí i, kí ó lọ sí ìhà Àpòmù. Wọ́n mú òyìnbó tó ń wọnlẹ̀ wá, ẹni tí a ń pè ní sọfiyọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n máa tẹ̀ lé e. Òun á tọ́ka, èmi á kan èèkàn mọ́lẹ̀, n ó so àkísà pupa mọ́ ọn lórí kó lè rí i láti òkèèrè. Ara irú aṣọ kan náà tí wọ́n fi ń ṣe àsíá ihò ni.

Sọfiyọ̀ yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní ààlà pápá tí àwọn ń wọ̀n yìí kò tíì dúró. Ó ní kí n lọ sọ fún gbogbo ẹni tó bá ní oko níbẹ̀ pé kí wọ́n yọjú sí ọ́fíìsì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, pé bí ẹnì kan bá ní igi eléso tó fẹ́ dá sí, àwọn lè yà á síbòmíràn, torí koríko èkan lásán ló kún ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tí kò bá yọjú, wọ́n á ka oko rẹ̀ sí igbó. Mo lọ. Mo sọ fún gbogbo wọn. Ìyá àgbàlagbà kan wà tó ní igi obì, ó yọjú, wọ́n sì yà fún un lóòótọ́.

Oko tó kù ni ti Bàbá Ràímì. N ò sọ fún un, n ò sì sọ fún àbúrò rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí mo rò kò ju ìyẹn lọ. Mo ní n ó dákẹ́, kí òjò dé bá a. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lásán. Òun ló wá fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ mi ní èyí tó burú jù.

Mo pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà oko ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó dúró sí ìta oko rẹ̀, àdá wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, kò wọlé. Ó ń wo àwọn èèkàn tí mo kàn láàárọ̀ ọjọ́ náà láàárín kòkó. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Kò béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni òyìnbó ń wá. Kò tilẹ̀ rò ó kan òyìnbó. Ó ní, "Ta ló fi àálè lé oko mi?"

Ẹ̀yin náà mọ àálè. Ẹ mọ bí àkísà pupa lórí igi ṣe ń rí lójú ẹni tó bá jẹ́ ọmọ àgbẹ̀. Ẹni tó bá ní nǹkan tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn ló ń fi í síbẹ̀, pẹ̀lú èpè tó bá sọ sí i. Bí ọkùnrin yẹn ṣe le tó, kò ní gbé ẹsẹ̀ kọjá àálè. Mo wò ó, mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, n ò tíì rí nǹkan tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Àkísà pupa tó kù wà nínú àpò mi. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà mí: èèkàn òyìnbó ni, Bàbá, ẹ lọ sí ọ́fíìsì. Ó bi mí bóyá mo rí ẹnì kan tó gba ibẹ̀ kọjá. Mo ní, "N ò rẹ́nì kankan o, Bàbá. Àfi Múfútáù yín."

Irọ́ ni. N ò rí Múfútáù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé èmi ni mo dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé Múfútáù ti ń sọ ọ́ pé kí wọ́n pín oko náà sí méjì, kí olúkúlùkù mọ tirẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń sọ pé òun kò ní í pín ohun tí bàbá àwọn kò pín. Ògiri ti lanu. Èmi ni aláǹgbá.

Nígbà tí mo sì ti wọlé, n ò fẹ́ jáde. Múfútáù máa ń wọ bàtà tí wọ́n gé lára táyà ọkọ̀. Okùn ọ̀kan ti já, ó jù ú sẹ́yìn ahéré rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ń gba ọ̀nà náà kọjá ló ń rí i níbẹ̀. Mo mú un. Mo mú ṣúkù àgbàdo kan àti ìkarahun ìgbín kan mọ́ ọn. Mo lọ sídìí èèkàn tó sún mọ́ ọ̀nà jù lọ nínú oko náà, mo so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ àkísà pupa. Kò sí ẹni tó rán mi, sọfiyọ̀ kò mọ̀. Èèkàn òyìnbó di àálè tòótọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo rò pé ẹnì kan ni mo ń dẹ pàkúté fún. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ni pé ó mú àwọn méjèèjì.

Bàbá Ràímì padà wá, ó rí bàtà, ó mọ ẹni tó ni ín. Ó ní bí àbúrò òun bá lè fi èpè lé òun jáde nínú oko bàbá àwọn, kó máa jẹ ẹ́ lọ, òun kò ní í bá a dù ú, Ọlọ́run ni yóò ṣèdájọ́. Múfútáù náà wá ká kòkó rẹ̀, ó rí bàtà ara rẹ̀ lórí àálè. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ayé wa mọ ohun tí yóò rò. Ta ló mú nǹkan ẹsẹ̀ òun, tó so ó mọ́ nǹkan pupa láàárín oko? Ó ní ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ pa òun nítorí ọ̀rọ̀ pínpín. Ó sá kúrò níbẹ̀. Kòkó pọ́n lórí igi, ó dúdú, ó jábọ́. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, kò sì sí ẹni tó lọ bi èkejì rẹ̀ léèrè.

Ẹ ó ní ṣé wọn ò gbọ́ pé òyìnbó ń wọnlẹ̀ ni? Wọ́n gbọ́ nígbà tó yá. Ìyẹn gan-an ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Bàbá Ràímì ní Múfútáù ti tà á fún òyìnbó, ìdí nìyẹn tó fi kọ́kọ́ fi àálè lé òun jáde. Múfútáù ní ẹ̀gbọ́n òun ló tà á. Àwọn méjèèjì ò yọjú sí ọ́fíìsì, torí ẹnì kọ̀ọ̀kan rò pé èkejì òun ti lọ síbẹ̀ fọwọ́ sí i. Òjò bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí katapílà wọ oko náà, mo wà níbẹ̀. Bàbá Ràímì dúró ní apá ọ̀hún títì, Múfútáù dúró ní apá ìhín. Igi obì kan wà láàárín oko náà tí bàbá wọn gbìn lọ́jọ́ tí wọ́n bí Bàbá Ràímì. Nígbà tí ẹ̀rọ náà kọlù ú, kò wó lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tẹ̀, ó dúró, ó wá wó. Bàbá Ràímì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀ bí ọmọdé. Inú mi dùn. Ẹ jọ̀ọ́, n ò ní í purọ́ fún yín lórí èyí, inú mi dùn, mo sì lọ jẹun dáadáa ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ó jẹ àjẹkún ìyà lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó ń ta kòkó tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń báni roko jẹun. Ìyàwó rẹ̀ kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gba Èkó lọ. Òun àti àbúrò rẹ̀ kò kí ara wọn. Bí ọ̀kan bá gbọ́ pé èkejì ń bọ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, yóò dá àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, yóò máa lọ sílé.

Òmìnira dé. Àwọn òyìnbó agégẹdú kó lọ díẹ̀díẹ̀, oko bọ́ọ̀lù di igbó, àwọn ewúrẹ́ ń jẹ kiri ibi tí àwọn ọ̀gá ń gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀gá tiwa-n-tiwa kan ní àwọn náà fẹ́ máa gbá gọ́ọ̀fù, kí wọ́n tún pápá náà ṣe. Wọ́n wá mi kàn, torí èmi ni mo mọ ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe fọ́máànù.

Bàbá Ràímì wá wá iṣẹ́ sọ́dọ̀ mi. Ó ti gbó. Bùbá ọrùn rẹ̀ ti ya, ó fi ọwọ́ dì í mú. Ó ní, "Fọ́máànù, ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹ ló pè mí. Ẹnu tó pe ìyá mi ní ìwọ.

Mo gbà á síṣẹ́. Àwọn èèyàn ní mo ṣe é lóore. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi í sí ojú ihò tó wà ní ibi tí igi obì rẹ̀ wó sí. Mo gbé ọ̀pá onípákó lé e lọ́wọ́, mo ní kí ó máa fa iyanrìn. Lójoojúmọ́ ni ọkùnrin yẹn ń tẹ́ iyanrìn olóìlì sórí oko bàbá rẹ̀. Nígbà mìíràn yóò dúró, yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, yóò ní ibí ni ìdí igi náà wà. N ó ní, "Ẹ fà á kó tẹ́jú, Bàbá." Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé bó bá ti fà á tán, tó rẹ̀ ẹ́, èmi á fi bàtà mi rìn gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò fura. Yóò tún fà á. 

Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sú mi. Ẹ máa ń gbọ́ pé ẹ̀san kì í dùn títí. N ò mọ ẹni tó sọ ọ́. Ó dùn mọ́ mi fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Ọjọ́ tó bà á jẹ́ fún mi ni ọjọ́ tí Bàbá Ràímì gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí a fẹ́ jẹun ọ̀sán, tó rìn wá sọ́dọ̀ mi, tó sì dọ̀bálẹ̀. Àgbàlagbà tó lè bí mi. Àwọn lébìrà tó kù ń wò wá. Ó ní ọ̀rọ̀ ìyá mi ni.

Ó ní, "Ibà ló pa ọmọ mi. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá rẹ̀ ní ká gbé e lọ sí ọsibítù, mo ní kòkó ń bẹ nílẹ̀ tí n ó kó. Nígbà tó kú, mo wá ẹni tí n ó di ẹ̀bi rẹ̀ rù."

Ó mọ̀. Ẹ gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ó mọ̀ lọ́jọ́ tó dúró síwájú àtẹ ìyá mi. Gbogbo ìgbà yẹn ni mo ti ń rò pé ó ṣìnà ni, pé ìbànújẹ́ ló mú un sọ ohun tí kò dá lójú. Kò ṣìnà. Nígbà tó ń sọ ọ́, tó da ojú bolẹ̀ nínú iyanrìn, mo ń sọ fún ara mi pé ohun tí mo ṣe fún un kò tilẹ̀ tíì tó.

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ tèmi. Ó ti sọ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ tèmi, a jẹ́ pé a dọ́gba, èmi kò sì fẹ́ ká dọ́gba. Mo fẹ́ kó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Mo jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀ sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni mo na ọwọ́ sí i, mo ní, "Ẹ dìde, Bàbá. Ó ti tán."

Ó gbà pé ó ti tán. Láti ọjọ́ yẹn ló ti sọ mí di ọmọ. Bí wọ́n bá fún un ní iṣu, yóò bu sí i fún mi. Bí ọmọ mi bá ń ṣàìsàn, yóò wá jókòó tì í. Mo ń jẹ iṣu rẹ̀.

Ní báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè jáde mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì ti Èkó dé. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ fún un, èmi ni mo ń ṣí fèrèsé rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó ní kí n jókòó. Ó ní bí òun bá kú, òun kò fẹ́ kí Múfútáù bá wọn kírun sí òun lára, òun kò fẹ́ kó bu yẹ̀pẹ̀ sí òun. Ó ní ẹni tó fi àálè lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde nínú oko bàbá wọn ti pa òun tipẹ́. Ó ní àwọn ọmọ òun yóò tijú àbúrò bàbá wọn, wọn kò ní í lè lé e. Ó ní, "Ìwọ nìkan ni mo lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ìwọ ni kí o dúró lẹ́nu ọ̀nà."

Mo ní mo gbọ́.

Iṣẹ́ tó bẹ̀ mí nìyẹn. Èmi tí mo so bàtà yẹn mọ́ igi ni yóò lé Múfútáù kúrò nídìí òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin yẹn kò ṣẹ̀ mí rí. Kò pe ìyá mi ní nǹkan kan. Ó tilẹ̀ wà lára ìwọ̀nba èèyàn tó bá wa kírun sí ìyá mi lára. Mo ti mọ èyí láti ọjọ́ tí mo mú bàtà rẹ̀ lẹ́yìn ahéré. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì mú un.

Bí mo bá sọ òtítọ́, Bàbá Ràímì yóò mọ̀ kó tó kú pé àbúrò òun kò ṣe nǹkan kan fún òun. Yóò tún mọ̀ pé ẹni tó ń gbé ẹ̀kọ sí òun lẹ́nu ló mú kí oko òun bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó, tó sì fi òun ṣe lébìrà lórí rẹ̀. Bóyá yóò fi mí bú kó tó kú. Èpè ẹni tó ń kú lọ kì í ṣe nǹkan kékeré, mo sì ní ọmọ. Bí n kò bá sọ ọ́, wọn yóò sin ín, gbogbo rẹ̀ yóò sì bo mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ kí ẹ rò pé ẹ̀rù nìkan ló ń dí mi lọ́wọ́. Ìdajì ọkàn mi ṣì ń sọ pé kó lọ bẹ́ẹ̀, kó kú pẹ̀lú ìbínú àbúrò rẹ̀ nínú, bí ìyá mi ṣe kú pẹ̀lú orúkọ tó sọ ọ́. Mo ń bá ìdajì yẹn jà lójoojúmọ́. Ọjọ́ kan wà tí mo ń ṣẹ́gun, ọjọ́ kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Lánàá, Múfútáù gun kẹ̀kẹ́ wá láti Àpòmù. Òun náà ti darúgbó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n jẹ́ kí òun wọlé. Ó ní, "Bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo ti forí jì í nípa bàtà yẹn."

Mo wò ó. Ó fẹ́ forí ji èèyàn tí kò ṣẹ̀ ẹ́, èmi tí mo ṣẹ̀ ẹ́ sì wà níwájú rẹ̀, mo di férémù ilẹ̀kùn mú. Ẹnu mi ṣí. Mo sọ fún un pé Bàbá ń sùn, kó padà wá lọ́jọ́ ọjà.

Bàbá kò sùn. Nígbà tí mo wọlé, ó ti gbé orí sókè kúrò lórí ìrọ̀rí, ó bi mí pé ohùn ta ni òun gbọ́ yẹn, ó ní ó jọ ohùn bàbá àwọn. Mo ní alágbe kan ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ọjọ́ ọjà kò jìnnà mọ́. Bó bá tún kanlẹ̀kùn, ta ni kí n sọ pé ó wá?